Ẹsẹ Kẹta Tí A Kò Kọ ní Adó

Ọmọ mi obìnrin ti fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹjú mọ́ fóònù, ó ń wo kàtúùnù àwọn ará Japan kan. Ọmọ ilé-ìwé girama ni gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ orin, ojú wọn tóbi ju ẹnu wọn lọ, fèrè ni wọ́n sì ń fọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ló kan apá tó kẹ́yìn, ìyẹn ọjọ́ ìdíje. Mo jókòó tì í, mo ń ṣa ẹ̀wà, mo sì ń yọjú. Kí wọ́n tó gun orí pèpéle, wọ́n sunkún. Bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè, omijé ń bọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ló ṣe ipò kìíní, ẹkún náà wá le débi tí mo fi béèrè bóyá ẹnì kan ti kú nínú wọn.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́," ni ọmọ mi wí, òun náà ń fa imú.

Mo padà sídìí ẹ̀wà mi, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á. Èmi náà ti ṣe ẹgbẹ́ orin ilé-ìwé rí. Èmi náà ti lọ sí ìdíje rí. Kò sí ẹni tó sunkún nínú tiwa lórí pèpéle, nítorí ohun tí a ṣe lórí pèpéle ọjọ́ náà kò fún ẹnikẹ́ni láyè ẹkún.

Ìkẹ́rẹ́ ni ilé-ìwé wa wà, ní ẹsẹ̀ àpáta ńlá kan tó máa ń dá ohùn wa padà fún wa bí a bá pariwo. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Wọ́n fi ọ̀dà pa Òǹdó rẹ́ lára pátákó ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n kọ Èkìtì lé e, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà kò ki tó, Òǹdó sì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀ bí àlejò tí kò tíì mọ̀ pé onílé fẹ́ sùn.

Ẹgbẹ́ orin wa kò ní ohun èlò kankan tí ènìyàn lè fi yangàn. Dùùrù kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá orin, ikán ti jẹ ẹ́ ku eyín. Ohun tí a ní ni tíṣà wa. Ọkùnrin tín-ínrín kan ni, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó ní kóòtù kan ṣoṣo, aláwọ̀ eérú, tó ń wọ̀ lọ sí kíláàsì, sí ṣọ́ọ̀ṣì àti sí ìsìnkú. Ó ní irin ẹlẹ́nu méjì kan tí wọ́n fi ń wá ohùn. Bí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin, á gbá irin náà mọ́ orúnkún ara rẹ̀, á gbé e sí ẹ̀yìn etí, á dijú, á wá fi imú kọ "dò" fún wa. Ẹni tó bá ń kọjá lójú fèrèsé á rò pé ọkùnrin náà ń jẹ ara rẹ̀ níyà fún ẹ̀ṣẹ̀ kan tó dá ní kọ̀rọ̀ ni.

Ọdún mọ́kànlá ló ti lò ní Ìkẹ́rẹ́. Ó gbọ́ èdè wa dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn Ọ̀wọ̀ ló fi ń sọ ọ́, a sì máa ń sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Òun nìkan ni tíṣà tí kò na ẹnikẹ́ni rí. Bí o bá ṣi orin kọ, á kàn wò ọ́ tàánútàánú, bí dókítà ṣe ń wo ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn. Ó máa ń dùn wá ju ẹgba lọ.

Wàyí o, nígbà tí wọ́n pín ìpínlẹ̀, wọ́n pín mọ́tò, wọ́n pín àga, wọ́n pín fáìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín tíṣà. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ apá Òǹdó, kó máa múra àtilọ. Tíṣà kẹ́mísìrì lọ. Tíṣà ìṣirò kan lọ, a sì jó lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ náà nítorí ẹgba rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní ó lè kan tíṣà orin, jìnnìjìnnì bò wá. Kò sí tíṣà orin mìíràn ní gbogbo àyíká wa. Bí ó bá lọ, kò sí ẹgbẹ́ orin mọ́, a ó kàn padà sí bí a ti wà, ọmọ tó ń gé koríko ní ọ̀sán Ọjọ́rú.

Prínsípà wa ló fún wa ní ìrètí. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Bó bá ti di gbohùngbohùn mú, oòrùn lè mú ọmọ mẹ́ta dákú, kò níí mọ̀. Ó pe ẹgbẹ́ orin jọ, ó ní ìdíje orin àwọn ilé-ìwé ìpínlẹ̀ tuntun ń bọ̀ ní Adó. "Bí ẹ bá gbé ife ẹ̀yẹ wálé," ó wí, "èmi fúnra mi ni màá gbé ife náà dání lọ sí ọ́fíìsì wọn. Màá bi wọ́n pé, ṣé ilé-ìwé tó gba ife lẹ fẹ́ gba tíṣà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ gba ife, tíṣà yín kò ní ibi kankan láti lọ."

A gbà á gbọ́. Ọmọdé ni wá. Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe orin la ń kọ mọ́, tíṣà là ń fà padà.

Orin méjì la gbọ́dọ̀ kọ. Ìjọba ló yan ti àkọ́kọ́ fún gbogbo ilé-ìwé, orin Òyìnbó kan nípa yìnyín tó ń bọ́ jẹ́jẹ́ sórí òrùlé. Yìnyín tiwa ní Ìkẹ́rẹ́ kì í bọ́ jẹ́jẹ́, páànù ló máa ń lù bí ẹni tó ń wá gbèsè. Tíṣà ní kí a kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn áátò, ìyẹn àwọn obìnrin olóhùn ìsàlẹ̀, ń kọ ọ́ bí ẹni tí páànù rẹ̀ ti ń jò.

Orin kejì, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló máa mú tirẹ̀ wá. Tíṣà wa jókòó, ó ṣe tiwa fúnra rẹ̀, orin ẹlẹ́sẹ mẹ́ta, láti fi yin ìpínlẹ̀ tuntun. Ẹ ò rí nǹkan? Ìpínlẹ̀ tó fẹ́ lé e lọ ló ń yìn. Prínsípà fẹ́ kí orúkọ àwọn ènìyàn ńláńlá wọ inú rẹ̀. Tíṣà ní wọn kò bá ìlù orin náà mu. Ẹsẹ kejì lọ báyìí pé:

*Ọmọ olókè, ẹ dúró ṣinṣin,*
*Ẹ má kúnlẹ̀ fún ìṣẹ́ mọ́.*

Ẹsẹ kẹta ni èmi máa dá kọ. Kì í ṣe pé ohùn mi dùn ju ti àwọn yòókù lọ, èmi ni ojú kì í tì. Orin náà á rọlẹ̀, gbogbo wọn á máa fi imú gbè mí, èmi á wá kọ pé:

*Ibi tí mo bá rè, òkè ń wò mí,*
*Bí mo bá pẹ́, òkè á dúró dè mí.*

Mo kọ ọ́ lójú ọ̀nà odò. Mo kọ ọ́ nílé ìwẹ̀. Mo fi gún iyán nílé, bí ọmọ odó ṣe ń lọ sókè ni ohùn mi ń gòkè. Ìyá mi, tó ń ta epo pupa, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí títí.

"Uṣu ni mo ní kí o gún," ó wí, "mi è ní kí o kọrin fún un. Bí ulé yí bá wó, tíṣà rẹ lí á kọ́ ọ."

Mo ní láti sọ̀rọ̀ Kábíyèsí kí n tó mú yín dé Adó, nítorí láìsí i, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò níí yé yín. Ní ọdún tó ṣáájú, ọba kan wá wo eré ìdárayá wa. Nígbà tó wọlé, a dúró, à ń wo bàtà rẹ̀, nítorí bàtà náà ní ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí ẹni tó kúnlẹ̀, kò sí ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Ojú ti prínsípà débi pé fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, gbogbo ilé-ìwé ló gé koríko. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa lórí ìlà ní àràárọ̀. Àdúrà á parí, olórí àwọn ọmọ ilé-ìwé á ké "Kábíyèsí!", a ó sì lọ sílẹ̀ wòó. Ẹni tó bá kẹ́yìn, koríko ń dúró dè é. Ní ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọkùnrin inú wa lè dọ̀bálẹ̀ kí ṣọ́ọ̀kì tó bọ́ lọ́wọ́ tíṣà tó kanlẹ̀. Orúnkún wa kò bi wá ní nǹkan mọ́ kó tó tẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, a ti wà nínú bọ́ọ̀sì tí a yá lọ́wọ́ ìjọ kan nígbà tí prínsípà yọjú láti ojú fèrèsé. "Mo gbọ́ pé ọba kan lè yà síbẹ̀ lónìí," ó wí. "Ẹ má dójú tì mí o."

Adó kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n a ṣe bí ẹni ń lọ sí òkè òkun. Àwọn kan ń jẹ orógbó kí ohùn wọn lè là. Ọ̀kan nínú àwọn báàsì, àwọn ọkùnrin olóhùn ìsàlẹ̀, tí a ń pè ní òpó iná nítorí gíga rẹ̀, gbé ẹyin tútù méjì mì, ó sì dá wọn padà sójú ọ̀nà ká tó dé ìlú. Tíṣà wa jókòó níwájú, ó fi ọwọ́ di àpò àyà kóòtù rẹ̀ mú ní gbogbo ọ̀nà. Mo rò pé irin rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Gbọ̀ngàn náà tóbi, ó sì móoru. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi ìdíje orin, ti ijó àti ti eré ìtàgé sí, nítorí náà ọmọ ilé-ìwé kún ọgbà, tòun ti àwọn tó so ewé mọ́ra àti àwọn tó fi èédú kun ojú. Ilé-ìwé mẹ́fà la wà nínú ìdíje orin. Adájọ́ mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì níwájú, ọkùnrin méjì àti obìnrin onígíláàsì kan tó ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀, kò sì dá ọwọ́ dúró fún ilé-ìwé kankan tó kọ́kọ́ kọrin.

Àwa la ṣe ìkẹrin. A kọ ti yìnyín. Kò burú. Àwọn áátò rọra ṣe é, mi ò mọ ohun tó bá wọn. Tíṣà wa wá gbá irin mọ́ orúnkún, ó gbé e sétí, ó fún wa ní "dò" orin kejì, a sì gbéra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí, nítorí àwọn tó wà níbẹ̀ kò níí sọ ọ́ fún yín, ẹ̀rín ni wọ́n rántí. A kọ ẹsẹ kìíní yẹn dáadáa. A kọ ọ́ débi tí irun ọwọ́ mi fi dìde. Obìnrin onífáìlì dá ọwọ́ dúró. Adájọ́ kejì gbé gègé rẹ̀ kalẹ̀. Mo rí ojú tíṣà wa, ojú tí ó máa ń ní àánú fún wa, kò sí àánú kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ ń dùn gidi ni. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, ó parí, ọkùnrin yìí kò lọ mọ́.

Ẹsẹ kejì wọlé. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn tíṣà, lẹ́bàá tábìlì àwọn adájọ́, ṣí. Adé ló kọ́kọ́ yọ. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀lé adé, agbádá funfun tẹ̀lé ìlẹ̀kẹ̀, irùngbọ̀n funfun balẹ̀ sí àyà, ìrùkẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

N kò rò ó rárá. Mo kàn rí ara mi nílẹ̀ ni. Ọmọbìnrin sọpuránò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí mi, òun náà kúnlẹ̀. Àwọn áátò tẹ̀lé e. Àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn kò tilẹ̀ rí adé kankan, wọ́n rí i pé obìnrin ti wà lórí orúnkún, ìyẹn sì tó wọn. Pèpéle mì tìtì nígbà tí báàsì dọ̀bálẹ̀. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé a kò tíì dákẹ́ orin. Ilẹ̀ la wà tí a fi kọ ọ́ dé *Ẹ má kúnlẹ̀ fún ìṣẹ́ mọ́*, kí ohùn tó wá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn kan ṣoṣo ló kù, ti òpó iná, ó ké láti ẹ̀yìn: "Kábíyèsí o!"

Tíṣà wa dúró, apá rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lókè, kò sí ẹni tó ń kọrin sí i mọ́. Ó wò wá. Ó yí padà. Ó rí adé. Kóòtù aláwọ̀ eérú sì lọ sílẹ̀ gbalaja, tòun ti irin lọ́wọ́. Adájọ́ kan ti ṣí fìlà. Obìnrin onífáìlì ti ń wá ọ̀nà tí yóò gbà kúnlẹ̀ láàárín àga àti tábìlì.

Ọba wò wá. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a ń kí. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè díẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó wá fi ohùn ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà sọ pé:

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni wọ́n ti ń ṣe eré ìtàgé?"

Bó ṣe lanu báyìí, apá kan irùngbọ̀n rẹ̀ já, ó ń fì. Òwú ni, òwú tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì. Ọmọ ilé-ìwé kan láti apá Ìgbàrà-Odò ni, bóyá ló fi ọdún kan jù mí lọ, òun ló ń ṣe ọba nínú eré tiwọn, ó sì ti ṣìnà nínú ọgbà.

Gbọ̀ngàn náà fẹ́ẹ̀ wó fún ẹ̀rín. Àwọn kan ń lu àga. Nínú kàtúùnù ọmọ mi, ibí yìí ni orin tó dùn jù á ti bẹ̀rẹ̀, tí atẹ́gùn á máa fẹ́ irun wọn. Ní tiwa, ẹni tó di gbohùngbohùn mú nu omijé ẹ̀rín ojú rẹ̀, ó ní òfin ni òfin, orin tó bá ti dúró ti parí nìyẹn, kí á sọ̀kalẹ̀. Tíṣà wa gbọn eruku kóòtù rẹ̀ nù, ó ní "Ẹ ṣeun, sà," ó sì ṣáájú wa sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ kẹta wà lẹ́nu mi bí oúnjẹ tí wọn ò jẹ́ kí n gbé mì.

A ṣe ipò kẹfà nínú mẹ́fà. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́, bóyá nítorí pé àwọn náà fẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀, fún wa ní ẹ̀bùn pàtàkì kan tí kò sí nínú ìwé, ẹ̀bùn ìwà ọmọlúàbí. Aago ara ògiri ni.

Nínú bọ́ọ̀sì, ogun bẹ́ sílẹ̀. "Àwọn báàsì lọ́n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀!" ni àwọn áátò ń pariwo. Báàsì ní irọ́ ni, pé obìnrin ni àwọn wò. Nígbà tó yá, gbogbo ènìyàn fẹnu kò sórí òpó iná, nítorí òun ló ké Kábíyèsí, ohùn rẹ̀ sì wà nínú etí gbogbo wa. Wọ́n ní òun ló bà á jẹ́. Wọ́n ní bí tíṣà bá lọ, kó mọ̀ pé òun ló lé e. Ọmọ náà di orí mú. Èmi tí mo jókòó sí iwájú rẹ̀, èmi tí mo mọ̀ dájú pé kò sí orúnkún kankan tó kan pèpéle yẹn ṣáájú tèmi, mo yíjú sí i, mo sì ní, "O ò bá tiẹ̀ dákẹ́ ẹnu." Títí di òní, bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ojú ara mi ń tì mí.

Prínsípà gbé aago náà gòkè lórí ìlà lọ́jọ́ Ajé. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó ní nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Èkìtì, ilé-ìwé wa nìkan ni àwọn òbí ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ilé-ìwé pàtẹ́wọ́. Ó gbé aago náà kọ́ sí ọ́fíìsì ara rẹ̀, kò sì sọ ohun kan nípa tíṣà wa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tíṣà wọlé sí yàrá orin, ó ní òun ń lọ. Wọ́n ti fún òun ní ilé-ìwé kan nítòsí Ọ̀wọ̀, Sátidé ni òun ń gbéra. Ó ní kí a máa mí láti ikùn. Ìyẹn nìkan ló sọ. Kò sí ẹni tó wo òpó iná lójú lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wa ló kẹ̀yìn sí i. Èmi kò jẹun nígbà tí mo délé. Mo gún iyán láìkọrin, ìyá mi sì bi mí bóyá ara mi kò yá.

Mo sọ fún ìyá mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, adé, òwú, orúnkún mi, òpó iná. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó rọ epo kún kẹ́ẹ̀gì kékeré kan, ó gbé e fún mi. "Lọ bá a ní gáréèjì lọ́jọ́ Sátidé," ó wí. "Sọ fún un. Mọ́ jẹ́ kó lọ kí o tó sọ ọ́."

Mo bá a nínú mọ́tò Àkúrẹ́, lẹ́yìn, lójú fèrèsé, kóòtù lọ́rùn. Èrò kan ṣoṣo ló kù kí mọ́tò kún. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ gáréèjì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì síwájú mi. Mi ò tiẹ̀ kí i.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Kì í ṣe báàsì. Ká ní mo dúró ni, à bá gba ife, ẹ ò bá má lọ. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú."

Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Iwájú mi gan-an lo dúró sí," ó wí. "Ta lo rò pé mò ń wò?"

Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà kóòtù rẹ̀, ibi tó dì mú ní gbogbo ọ̀nà Adó, kò sì mú irin jáde. Ìwé kan tó ká sí mẹ́rin ló mú jáde, ó nà án sí mi. Mo tú u. Lẹ́tà ni, wọ́n ní kó lọ jábọ̀ ní ilé-ìwé tuntun. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí a lọ sí Adó.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àyà mi kọ́kọ́ fúyẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ igi ìdáná kalẹ̀ lórí. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Inú bí mi débi pé, bí kì í bá ṣe tíṣà, ǹ bá da epo náà sí kóòtù rẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀, sà? Ẹ ti mọ̀ tí a fi ń kọ ọ́ láàárọ̀ lálẹ́? Prínsípà ní..."

"Ọwọ́ prínsípà ni mo ti gba lẹ́tà yẹn," ó wí. "Ó ní kí n má tíì sọ fún yín, kí ẹ lè gba ife fún òun. Èmi náà kò sì fẹ́ sọ. Ẹni tó ń sunkún kò lè mí dáadáa. Mo fẹ́ gbọ́ orin yẹn tán lẹ́ẹ̀kan, lójú àwọn èèyàn, kí n tó lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó nu imú rẹ̀. "Ó wá ku ẹsẹ kan."

Èrò tó kù dé, obìnrin kan pẹ̀lú àpò gàrí. Wọ́n há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ tíṣà. Dírẹ́bà tiná bọ mọ́tò. Tíṣà fa irin ẹlẹ́nu méjì yọ láti àpò ṣòkòtò rẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò ráyè mọ́ nítorí gàrí, ó na ọwọ́ síta, ó gbá irin náà mọ́ ara ilẹ̀kùn mọ́tò, gbàù.

"Ẹ mọ́ fọ́ mọ́tò mi o!" ni dírẹ́bà ké.

Tíṣà gbé irin sẹ́yìn etí, ó dijú, ó fi imú kọ "dò" jáde lójú fèrèsé. Àwọn ọlọ́sàn yíjú sí wa. Àwọn agbèrò dákẹ́ ariwo Àkúrẹ́ tí wọ́n ń pa. Tíṣà la ojú, ó rí mi níbi tí mo wà.

"Dìde," ó wí. "Wọn kì í kúnlẹ̀ kọ ẹsẹ kẹta."

Mo dìde, ẹrẹ̀ kún orúnkún mi méjèèjì. Mo mí láti ikùn, mo sì kọ ọ́. Mọ́tò ti ń yí, ọwọ́ rẹ̀ wà níta lójú fèrèsé, ó ń darí mi láti ibẹ̀, ọwọ́ náà ń kéré sí i, mi ò sì dúró, mi ò sì kúnlẹ̀, títí mo fi dé *òkè á dúró dè mí*, tí mọ́tò yà ní kọ́nà. Ìgbà náà ni mo rí i pé kẹ́ẹ̀gì epo ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo jókòó lé e lórí láàárín gáréèjì, mo sì sunkún bí àwọn ọmọ kàtúùnù yẹn.